Ẹyẹ Odò Tí Mo Ní Mo Gbọ́

Ilé wa, Fìdítì,
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

Rọ́fíátù ọmọ mi, Àṣàkẹ́ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ tuntun náà ń lọ déédéé? Bàbá yín ní kí n kọ́kọ́ kí ọ kí n tó sọ ohunkóhun, torí wọ́n mọ̀ pé bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, mi kì í rántí ìkíni mọ́. Àwa náà wà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọsàn ti ń pọ́n lẹ́yìn ilé, àwọn tó ń rà á sì ti ń wá láti Ọ̀yọ́ àti Awẹ́.

Mo mọ̀ pé ẹnu yóò yà ọ́ pé ìwé ni mo kọ, nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ mi. Ó nídìí. Bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù, ìwọ yóò máa dá mi lóhùn, mi ò sì ní gbọ́ ìdajì ohun tí o ń sọ. Màá kàn máa ṣe “hẹn, hẹn” bí mo ti ń ṣe láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn. Jọ̀wọ́, wá ibi kan jókòó sí, kí o kà á tán kí o tó pe ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ ẹyẹ odò Ìlọrà ni. O sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ìparí oṣù yìí lo máa fọwọ́ sí ìwé àkọ́kọ́ tí o kọ jọ fún wọn lọ́fíìsì, ìwé àwọn ẹyẹ tó wà lágbègbè wa. O ní ẹyẹ kékeré tí mo gbọ́ lódò wà nínú rẹ̀. O ní ọ̀gá yín bi ọ́ pé ta ló gbọ́ ọ, o sì dá a lóhùn pé ìyá rẹ ni, pé etí ìyá rẹ ju fóònù lọ. Àṣàkẹ́, má fọwọ́ sí i. Mi ò gbọ́ ẹyẹ kankan lódò lọ́jọ́ náà. Ó ti jáde lẹ́nu mi báyìí, ara sì tù mí díẹ̀.

O rántí àárọ̀ ọjọ́ náà. A wọ mọ́tò dé Ìlọrà, a gun ọ̀kadà dé oko bàbá mi. O gbé fóònù sókè lẹ́bàá odò, áàpù tó ń fi ohùn dá ẹyẹ mọ̀ náà sì ń kọ orúkọ wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan: àdàbà, ẹlúlùú, ẹ̀gà. O ń fi àwòrán wọn hàn mí, inú mi sì ń dùn bí ẹni pé èmi ni mo bí gbogbo wọn. Lo bá bi mí pé ẹyẹ apẹja kékeré yẹn ńkọ́, aláyà pupa ẹlẹ́yìn búlúù tí mo máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọ nígbà tí o wà ní kékeré, èyí tó máa ń bà sórí ẹ̀ka tó nà sórí omi. O ní àwọn ará ọ́fíìsì yín fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì wà, torí ẹyẹ náà kì í gbé ibi tí omi bá ti bàjẹ́.

Mo tẹ́tí. Mi ò gbọ́ nǹkan kan àfi omi tó ń ṣàn. Mo wo ojú rẹ, o ń wò mí bí ọmọ iléèwé ṣe ń wo tíṣà tó fẹ́ràn. Mo bá gbé ìka sókè.

“Òun nìyẹn. O ò gbọ́ ọ ni?”

“Màmá, fóònù ò gbé e o.”

“Fóònù wo ló mọ odò yìí jù mí lọ?”

O rẹ́rìn-ín, o ní òótọ́ ni mo sọ, o sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí mo ṣe pa irọ́ náà nìyẹn, kò nira rárá.

Kí ló dé tí mo fi pa á? Ìgbéraga ni, mi ò ní fi nǹkan kan bò ó. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè mí ní elétí ẹyẹ ní Ìlọrà. Ìwọ fúnra rẹ sọ fún àwọn tó gbà ọ́ síṣẹ́ pé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ lo ti mọ ohùn ẹyẹ kí o tó mọ ìwé kà. Orúkọ yẹn dùn mọ́ mi, mi ò fẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n etí mi ti ń lọ, ọmọ mi. Ó tó ọdún méjì tí mo ti fura. Ohùn tó nípọn ṣì ń wọlé, èyí tó tín-ín-rín ni kò wọlé mọ́. Òròmọdìyẹ kan já sí kòtò lẹ́yìn ilé ìdáná lọ́jọ́ kan, ó ké títí, ẹ̀gbẹ́ kòtò yẹn gan-an ni mo jókòó sí tí mò ń bẹ ẹ̀gẹ́. Iwájú ilé ni bàbá yín ti gbọ́ ọ, tí wọ́n wá yọ ọ́. Wọ́n wò mí. Èmi ni mo jágbe mọ́ wọn pé kí ni wọ́n ń wò.

Kí n tó máa gbà ọ́ nímọ̀ràn, ọpẹ́ ló kàn. Mo dúpẹ́ pé o gbé áàpù náà sínú fóònù mi kí o tó padà. Mo dúpẹ́ pé o fi sùúrù kọ́ mi, bí ìka mi tilẹ̀ ń tẹ ibi tí kò yẹ, tí mo sì ń bá ọ jà pé ìwọ ni o kò kọ́ mi dáadáa. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ọmọ tìrẹ náà ní sùúrù fún ọ. Ẹ̀rọ kékeré yẹn ló fi ara mi hàn mí.

Ọjọ́ kẹta tí o lọ, mo jókòó sábẹ́ igi ọsàn láàárọ̀, mo tan án. Ó kọ orúkọ ẹyẹ kan jáde. Mo tẹ́tí, kò sí nǹkan kan. Ó tún kọ ọ́. Mo ní irọ́ ni ẹ̀rọ yìí ń pa. Mo pe bàbá yín pé kí wọ́n wá wo òpùrọ́ tí ọmọ wọn gbé wọlé. Wọ́n dé, wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n nàka sókè. Ẹyẹ kan wà lórí ẹ̀ka lókè orí mi níbẹ̀, kò ju àtàǹpàkò lọ. Mo rí ẹnu rẹ̀ tó ń là tó ń pa dé, mo rí ọ̀fun rẹ̀ tó ń gbọ̀n, mi ò gbọ́ ohunkóhun. Mo sunkún níbẹ̀. Bàbá yín di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, “Ìyá Rọ́fíà, ó ń kọrin dáadáa.” Ohun tí wọ́n sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì dúpẹ́ pé wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìmọ̀ràn tí mo ní fún ọ kò pọ̀, inú àṣìṣe tèmi ni gbogbo rẹ̀ ti wá.

Èkíní. Nígbà tí mo wà ní bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, iṣẹ́ tèmi ni láti máa lé ẹ̀gà lóko ọkà bàbà. Àtàárọ̀ kùtù lèèyàn á ti wà níbẹ̀, á máa rìn yíká, á máa sọ òkò, á máa ké “hàáà!” Bàbá mi wà lódìkejì oko níbi tí wọ́n ti ń kọ ebè, ohùn mi ni wọ́n fi ń mọ̀ pé mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan bá dá ọgbọ́n. A jókòó sábẹ́ igi, ó ń di irun fún mi, bó bá ṣe díẹ̀, màá ké “hàáà!” láìdìde. Bàbá mi ń gbọ́ mi, ọkàn wọn balẹ̀. Ẹ̀gà náà ń gbọ́ mi, wọ́n sì ti mọ̀ pé ẹnu lásán ni. Nígbà tí bàbá mi máa fi yà síbẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, pòròpórò ló kù. Mo ti dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, torí mo ti gbàgbé pé ìkúnlẹ̀ ni tèmi. Wọn ò nà mí. Wọ́n ní, “Àlímọ̀, ohùn rẹ ni mo gbára lé.”

Mo ti jẹ ẹgba láyé mi, kò sí èyí tó dùn mí tó ọ̀rọ̀ yẹn. Ohun tí mo ṣe fún bàbá mi lọ́jọ́ náà ni mo tún ṣe fún ọ lódò, pẹ̀lú ewú lórí. Nítorí náà, ibi tí o bá fọwọ́ rẹ sí, kí o ti débẹ̀, kí o ti rí i tàbí kí o ti gbọ́ ọ fúnra rẹ. Ìbáà jẹ́ fóònù ló sọ, ìbáà jẹ́ èmi ìyá rẹ ni mo sọ, kọ ọ́ pé wọ́n sọ fún ọ ni. Má kọ ọ́ bí ẹni pé ìwọ lo gbọ́. Kò sí ìtìjú nínú “mi ò gbọ́”. Èmi ni kò tètè mọ̀.

Ìkejì, ẹ̀rọ náà ṣeé gbọ́kàn lé dé àyè kan, mọ àyè náà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó kọ àparò fún mi. Mo ní àparò wo ló wá sáàárín ìlú? Ó tún kọ ọ́, kò ṣiyèméjì rárá. Mo dìde, mo yí ilé ká. Bàbá yín ni mo bá lẹ́yìn ilé ìdáná, wọ́n pa ọwọ́ méjèèjì mọ́ ẹnu, wọ́n ń súfèé bí àparò, bí wọ́n ti máa ń ṣe nígbà tí wọ́n ń ṣọdẹ ẹ̀ẹ̀rùn. Títí di òní ni wọ́n fi ń yangàn fún gbogbo ẹni tó bá wá ra ọsàn pé àwọn tan ẹ̀rọ òyìnbó jẹ. Mo ní kí wọ́n rọra, àparò kan kò ga jùkan lọ, àfi èyí tó bá gun orí ebè.

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó síwájú, àyà mi já. Ìwọ ló ń wọ igbó kiri báyìí. Bí fóònù bá kọ àparò fún ọ lóṣù ẹ̀ẹ̀rùn, má sáré tọ ohùn náà lọ. Ó lè jẹ́ ọdẹ ló ba síbẹ̀ tó ń pe àparò, tí ìbọn rẹ̀ sì ti wà ní sẹpẹ́. Ojú ọ̀nà ni kí o dúró sí, kí o sọ̀rọ̀ sókè kí wọ́n mọ̀ pé èèyàn ni. Wọ aṣọ tó máa hàn ketekete, má wọ aláwọ̀ ewé tí o fẹ́ràn yẹn. Ẹ̀rọ náà mọ ohùn, kò mọ ẹnu tí ohùn ti jáde.

Ìkẹta, bó bá ṣì í, má fi ṣe yẹ̀yẹ́. O rántí pé mo pè ọ́ pé ó kọ ẹyẹ kan tí mi ò rí rí láyé mi, ẹyẹ tí àwòrán rẹ̀ jọ ti ilẹ̀ olótùútù. O ṣàlàyé fún mi pé ohùn tí àwọn èèyàn gbà sílẹ̀ níbi gbogbo ló fi kọ́ṣẹ́, pé èyí tó ti ọ̀dọ̀ wa lọ kò pọ̀. Mo rẹ́rìn-ín sí i nígbà náà pé ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo rántí oko tèmi.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ níbí, mo sá gbodo sórí àpáta lẹ́yìn ilé. Ìyá bàbá yín, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, wọ́n ní kí n kó o wọlé, ẹlúlùú ti ń ké, òjò ń bọ̀. Èmi elétí ẹyẹ Ìlọrà dá wọn lóhùn pé ẹyẹ mìíràn ni, pé ẹlúlùú kì í ké báyẹn. Wọ́n wò mí, wọ́n ní kò burú. Wọ́n kó tiwọn wọlé. Òjò ọjọ́ náà kò jẹ́ kí n rí ẹsẹ̀ ara mi nígbà tí mo sáré jáde. Gbodo mi bu, oṣù kan gbáko la fi ń jẹ èlùbọ́ tó ń rùn, ìyá ọkọ mi sì ń bá mi jẹ ẹ́. Ẹlúlùú Fìdítì ló ké, ohùn tí ó fi ké lọ́jọ́ náà ni mi ò gbọ́ rí. Odò bàbá mi nìkan ni mo mọ̀, mo sì rò pé gbogbo ayé ni.

Nítorí náà, bí ẹ̀rọ bá ṣì í, gba ohùn ẹyẹ wa sílẹ̀, kí o fi kọ́ ọ. Bí àgbàlagbà kan ní Awẹ́ tàbí níbòmíràn bá sọ ohun tí kò bá ti fóònù mu, má bá a jiyàn, má sì tètè gbà. Bi í pé níbo lẹ ti gbọ́ ọ, bàbá? Ìgbà wo ni? Ṣé kí a jọ lọ wò ó? Ká ní o bi mí ní ìbéèrè kẹta yẹn lódò ni, ọwọ́ ìbá ti tẹ̀ mí lójú ẹsẹ̀.

Mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́. Èyí tó kàn ni pé bí nǹkan bá ti ń lọ lára rẹ, tètè sọ ọ́ fún àwọn tìrẹ. Ọdún méjì ni mo fi ṣe “hẹn, hẹn”. Mo ti dá ọ lóhùn “hẹn” sí ohun tí mi ò gbọ́, bóyá nínú wọn ni ìgbà tí inú rẹ kò dùn wà, tí o sì rò pé ìyá rẹ kò bìkítà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, dárí jì mí. Bàbá yín ti ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀ làwọn máa mú mi lọ sí ọsibítù ní Ọ̀yọ́ kí wọ́n wo etí náà. Mo ti gbà. Láti ìsinsìnyí lọ, bí o bá pè, rọra sọ̀rọ̀, bí mo bá sì ṣe “hẹn”, bi mí pé, “Kí ni mo sọ?”

Ọ̀rọ̀ ọkọ náà ńkọ́? Mo mọ̀ pé o ò fẹ́ kí n dá a sílẹ̀, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Fẹ́ ẹni tó jẹ́ pé bí o kò bá gbọ́ ẹyẹ mọ́, yóò nàka sí i fún ọ, kò sì ní fi ọ́ ṣẹ̀sín. Owó àti ẹwà dára, mi ò ní kí o má wò wọ́n.

Ó kù kí n sọ ohun tí mo ti ṣe láti tún irọ́ náà ṣe. Èmi àti bàbá yín ti padà lọ sódò náà lẹ́ẹ̀mẹta. Láti ìgbà tí oòrùn bá yọ la ti ń jókòó síbẹ̀ títí yóò fi mú. Fóònù wà láàárín wa, etí bàbá yín sì wà níbẹ̀, tó ń gbọ́ ìró ewé tó já bọ́. Fóònù kọ ẹyẹ mìíràn, wọ́n pọ̀, mo kọ orúkọ wọn sínú ìwé tí mo fi kún lẹ́tà yìí. Kò kọ ẹyẹ apẹja kékeré. Bàbá yín kò gbọ́ ọ. Èmi tí ojú mi ṣì dára kò rí i. Ẹ̀ka tó máa ń bà sí ti wó sómi, omi náà ti pọ́n, torí wọ́n ń wa yanrìn lápá òkè. Kí ọkàn mi tó gbà pé kò sí níbẹ̀ mọ́, ó pẹ́.

Ṣé o rí ibi tí irọ́ mi ìbá gbé wa dé? Bí o bá kọ ọ́ pé ó wà, wọn yóò ní odò Ìlọrà dára, kò ní sí ẹni tí yóò wá béèrè ohun tó ṣe é. Mo fẹ́ kí wọ́n wá béèrè. Sọ fún ọ̀gá yín pé ìyá rẹ ló ṣe é, má gba ẹ̀bi náà mọ́ra. Bó bá bínú, fún un ní lẹ́tà yìí kà, ojú kò tì mí mọ́. Ọlọ́run yóò pa ọ́ mọ́ nínú igbó àti lójú títì, yóò fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, orúkọ rẹ kò sì ní bàjẹ́ nítorí tèmi.

Ìwọ kò gbọ́ nǹkan kan lódò lọ́jọ́ náà. Fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ náà kò gbọ́ nǹkan kan. Síbẹ̀, nígbà tí mo ní mo gbọ́, èmi lo gbà gbọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, kò sẹ́ni tó bu iyì fún mi tó bẹ́ẹ̀. Mo dúpẹ́, Àṣàkẹ́ mi, mo dúpẹ́ púpọ̀. Mú bírò, kí o pa orúkọ ẹyẹ náà rẹ́.

Èmi ni Àlímọ̀ tó bí ọ.